Olùkọ́ Tí Kì í Sùn: Ìdánwò Ku Ọ̀la ní Ìkòtún

Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí àwùjọ kan kà sí ìmọ̀, ìwé ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀ nìkan kò tó kà. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí òbí ń ṣe fún ọmọ ní alẹ́ tí ìdánwò ku ọ̀la. Ní irú alẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sí àyè fún ọ̀rọ̀ dídùn mọ́. Ohun tí a gbà ní òótọ́ pé ó ṣe pàtàkì ni a ó gbá mú. Èyí tí a kàn ń fi ẹnu yìn ni a ó jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ní Ìkòtún àti káàkiri agbègbè Alímòṣọ́ lónìí, ohun tí ọ̀pọ̀ òbí ń gbá mú ní alẹ́ náà ni fóònù. Wọn a gbé e lé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá lọ́wọ́, wọn a ní kí ó bi olùkọ́ inú rẹ̀ léèrè ohun tí kò bá yé e. Olùkọ́ náà kì í ṣe ènìyàn. Ọgbọ́n àtọwọ́dá ni, ẹ̀rọ tí ó ti ka ìwé àìlóǹkà tí ó sì ń fi ohun tí ó kà ro ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀.

Mo fẹ́ yẹ olùkọ́ yìí wò bí a ti ń yẹ ìwé tàbí eré orí ìtàgé wò. Èdè wo ni ó ń sọ? Ta ni ó rò pé òun ń bá sọ̀rọ̀? Kí ni ó kà sí ìdáhùn? Kí ni yóò sì kù lọ́wọ́ ọmọ nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́? Àwọn kan ti sọ pé èṣù ni, àwọn mìíràn sì ti sọ pé olùgbàlà ni. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì yá jù fún mi.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó gbé olùkọ́ ẹ̀rọ wọ ilé. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn 1,277,714 ni wọ́n kà ní Alímòṣọ́, iye tí ó ju ti ìjọba ìbílẹ̀ èyíkéyìí mìíràn lọ ní Ìpínlẹ̀ Èkó nínú ìkànìyàn náà. Àwọn òṣìṣẹ́ àti oníṣòwò ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń jí jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ láti bá ọkọ̀ lọ sí Ìkẹjà, Ọ̀ṣòdì tàbí Erékùṣù Èkó, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kò sì ní jẹ́ kí wọ́n wọlé kí alẹ́ tó lẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kún gbogbo àdúgbò, nítorí ti ìjọba kò tó. Nígbà tí wọ́n ka àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ní Ìpínlẹ̀ Èkó láàárín ọdún 2010 sí 2011, iye wọn lé ní 12,000. Òbí tí ó ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ ń fẹ́ rí ohun tí owó òun rà, máàkì inú káàdì ni ó sì rọrùn jù láti rí.

Ìdánwò kò sì lópin. Ti ìparí táàmù wà, ti ìparí ọdún wà, ìdánwò àṣewọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ girama tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Common Entrance sì ń bẹ níwájú. Àjọ NECO, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1999, ni ó ń ṣe èyí tí ó jẹ́ ti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba àpapọ̀. Ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìmọ̀ nípa àwùjọ, pẹ̀lú ìbéèrè tí ń dán làákàyè wò nípa ọ̀rọ̀ àti nípa ònkà, ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá lágbára a gba tíṣà lẹ́sìn. Ẹni tí kò bá lágbára a ra ìwé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá. Nígbà tí àrùn kòrónà ti ilé-ẹ̀kọ́ pa ní oṣù kẹta ọdún 2020, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, fóònù ìyá sì di kíláàsì. Nítorí náà, nígbà tí ChatGPT jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì tẹ̀ lé e, ilẹ̀ ti tutù. Owó dátà alẹ́ kan kò tó owó lẹ́sìn ọ̀sẹ̀ kan. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi òbí bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

Àmọ́ kí a má ṣe di ẹ̀bi tí kì í ṣe ti ẹ̀rọ rù ú. Ẹ̀rọ kọ́ ni ó kọ́ wa ní àkọ́sórí ọjọ́ ìdágìrì. Àtijọ́ ni a ti ń fi òru ọjọ́ kan wá ìmọ̀ ọdún kan lábẹ́ àtùpà. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń sọ pé àkọ́sórí jẹ́ àṣà wa, pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa ṣe ń kọ́ Ifá, pé bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ọmọ kéwú ṣe ń fi wàláà kọ́ ẹ̀kọ́ tiwọn. Àfiwé yìí kò dúró. Ọmọ awo kì í ká odù mọ́rí ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ọdún púpọ̀ ni ó fi ń bá olúwo rẹ̀ gbé. Yóò pe ẹsẹ Ifá lónìí, wọn yóò tún un ṣe fún un; yóò tún un pè lọ́la, wọn yóò tún un gbọ́; nígbà tí ó bá yá, yóò pè é níwájú àwọn awo tí wọ́n mọ̀ ọ́n jù ú lọ. Odù 256 kò ṣe é gbé mì bí oògùn. Ohun tí àṣà yẹn ní, tí alẹ́ ìdánwò kò ní, ni àkókò, àtúnṣe, àti ìpadàwá sí ohun tí a ti kọ́.

Ó dùn mọ́ mi nínú pé ohun tí àwọn onímọ̀ òde òní rí bá èyí mu. Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì, tẹ ìwé jáde ní ọdún 1885 lórí ìrántí àti ìgbàgbé. Ara rẹ̀ ni ó fi ṣe ìdánwò náà. Ó rí i pé kíákíá ni ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ sórí ń fò lọ, àti pé ẹ̀kọ́ tí a pín sí ọjọ́ púpọ̀ ń pẹ́ lórí ju èyí tí a kó jọ sí ojú kan lọ. Ní ọdún 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke ní Amẹ́ríkà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àyọkà láti kà. Àwọn kan tún un kà. Àwọn mìíràn pa ìwé dé, wọ́n kọ ohun tí wọ́n rántí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tí ó tún un kà ni ó ṣe dáadáa jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tí ó gbìyànjú láti rántí ni ó borí. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ilé tí a fi itọ́ mọ lè dúró dé àárọ̀ kí akọ́lé sì gba máàkì lórí rẹ̀, ìdí nìyẹn tí a kò fi jáwọ́ nínú fífi itọ́ kọ́lé.

Ibo wá ni olùkọ́ ẹ̀rọ dúró sí? Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Ghana, àwọn ọmọ bíi 1,000 láti kíláàsì kẹta títí dé kẹsàn-án ló wà nínú ìwádìí kan tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2024. Olùkọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Rori, tí ó wà lórí WhatsApp, ni wọ́n fi ń kọ́ apá kan nínú wọn ní ìṣirò, ní wákàtí kan lọ́sẹ̀, fún oṣù mẹ́jọ. Àwọn wọ̀nyí ní ìlọsíwájú ju àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kò lò ó lọ. Nítòsí wa, ní Ìlú Benin, Ìpínlẹ̀ Ẹdó, Báǹkì Àgbáyé ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama àgbà ní oṣù kẹfà àti ìkeje ọdún 2024. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi ṣe é lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́, àwọn olùkọ́ ènìyàn sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń tọ́ wọn sọ́nà. Àwọn náà ṣe dáadáa ju àwọn tí kò sí níbẹ̀ lọ.

Ẹ̀rí gidi ni ìwọ̀nyí, n kò sì ní fi ọwọ́ rọ́ wọn sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kí ni ó wà nínú méjèèjì? Oṣù mẹ́jọ ni ọ̀kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni èkejì. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kò sí èyí tí ó jẹ́ alẹ́ ọjọ́ kan. Ẹni tí ó bá fi èsì wọn polówó olùkọ́ ẹ̀rọ fún òbí tí ìdánwò ọmọ rẹ̀ ku ọ̀la ń ta ọjà kan pẹ̀lú ẹ̀rí ọjà mìíràn.

Ìwádìí kẹta tún wà tí ó kan ọ̀ràn yìí gbọ̀ngbọ̀n. Ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní orílẹ̀-èdè Tọ́kì, wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ bíi 1,000 ṣe iṣẹ́ ìṣirò. Apá kan lo ẹ̀rọ tí ń dáhùn ohunkóhun tí a bá bi í. Apá kejì lo èyí tí wọ́n kọ́ láti máa tọ́ni sọ́nà láì sọ ìdáhùn. Apá kẹta kò lo ẹ̀rọ kankan. Nígbà tí ẹ̀rọ wà lọ́wọ́, àwọn ti àkọ́kọ́ fi ìdá 48 nínú ọgọ́rùn-ún dára ju àwọn tí kò lo ẹ̀rọ lọ. Nígbà tí wọ́n gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ wọn tí ìdánwò dé, wọ́n fi ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀yìn sí àwọn tí kò lò ó rárá. Àwọn tí ẹ̀rọ tiwọn kì í sọ ìdáhùn kò rẹ̀yìn bẹ́ẹ̀. Níbí ni ewu alẹ́ ìdánwò gan-an wà. Ọmọ tí oorun ń kùn, tí ojú ń kán, kò ní béèrè ìtọ́sọ́nà. Ìdáhùn ni yóò béèrè. Ẹ̀rọ yóò fún un. Ohun tí ó hàn lójú fóònù yóò dà bíi pé ó ti yé e, nítorí pé ó yé e nígbà tí ó ń kà á.

Àwọn baba ńlá wa ní ohun kan tí ó yẹ kí a fi wé èyí, èyíinì ni àlọ́ àpamọ̀. Ẹni tí ń pa àlọ́ mọ ìdáhùn, ṣùgbọ́n ọgbọ́n eré náà wà nínú bí ó ṣe ń fi í pamọ́. Ọmọ kan yóò gbìyànjú, yóò kùnà. Ọmọ mìíràn yóò súnmọ́ ọn. Àwọn yòókù yóò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìdáhùn bá jáde, gbogbo wọn ni wọ́n ti jìyà fún un díẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọn kò fi ní gbàgbé rẹ̀. Olùkọ́ tí kò lè fi ìdáhùn pamọ́ kò mọ ìdajì iṣẹ́ rẹ̀. Bí a bá fi ẹ̀rọ sílẹ̀ bí ó ti wà, aláìlepamọ́ ni. A lè pàṣẹ fún un kí ó máa béèrè, kí ó má tètè dáhùn, yóò sì gbọ́. Ta ni yóò pàṣẹ náà? Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kò mọ̀ pé ó yẹ kí a pa á.

Mo tún yẹ èdè rẹ̀ wò. Mo ní kí ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wọ̀nyí kọ́ ọmọ kíláàsì kẹrin ní ìṣirò èrè àti àdánù. Àpẹẹrẹ tí ó kọ́kọ́ mú wá ni ọmọ kan tí ń ta omi ọsàn wẹ́wẹ́ níwájú ilé rẹ̀, dọ́là ni ó sì ń gbà. Ọmọ Ìkòtún kò rí irú ọjà bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá rẹ̀ ni ó ń ra apẹ̀rẹ̀ tòmátì ní Mile 12, tí ó ń yọ èyí tí ó ti rà kúrò, tí ó ń pín ìyókù sí abọ́ abọ́ ní ọjà Ìkòtún, tí ó sì mọ iye abọ́ tí yóò tà kí owó rẹ̀ tó padà àti èyí tí yóò di èrè. Onímọ̀ ìṣirò èrè àti àdánù wà nínú ilé; àpẹẹrẹ gba òkè òkun kọjá kí ó tó dé.

Mo bi í ní ònkà Yorùbá. Ó yẹ kí 35 jẹ́ márùndínlógójì, kí 45 jẹ́ márùndínláàádọ́ta. Ó kọ́kọ́ fi márùn-ún lé ọgbọ̀n, bí ẹni tí ń túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí mo tún un bi lọ́nà mìíràn, ó gbà á. Bákan náà ni àmì ohùn: lọ́jọ́ kan yóò pé, lọ́jọ́ kejì yóò dàrú, kò sì sí àmì ìyèméjì lójú rẹ̀ nígbà méjèèjì. Bẹ́ẹ̀, láìsí àmì ohùn, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ kò yàtọ̀ síra. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà: ohun tí a kọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ̀rọ fi kẹ́kọ̀ọ́, Yorùbá ibẹ̀ kò sì pọ̀ tó nǹkan níwájú Gẹ̀ẹ́sì. Àìkọ èdè wa sílẹ̀ dáadáa ni ó padà wá bá ọmọ wa nínú fóònù.

Ìyìn rẹ̀ náà gba àyẹ̀wò. Yinni yinni kí ẹni ṣe òmíràn ni ìlànà ìyìn láàárín wa. A ń fi ìyìn ti ọmọ síwájú. Olùkọ́ ẹ̀rọ ń yin gbogbo ìbéèrè. Èyí tí ó dára, ó yìn ín. Èyí tí ọmọ kò ronú sí kí ó tó béèrè, ó yìn ín. Ó ń pe ọmọ ní ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò ní ọjọ́ orí, kò sì ní ojú tí yóò le. Mo mọ̀ pé àǹfààní wà níbí fún ọmọ tí ẹgba àti yẹ̀yẹ́ ti lé ìbéèrè jáde lẹ́nu rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó mọ kíláàsì wa tí yóò sọ pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Ẹni tí ó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ọ̀pọ̀ ọmọ ni a sì ti fi pàṣán kọ́ pé kí wọ́n má béèrè. Bí ẹ̀rọ bá dá ìbéèrè padà sí ẹnu wọn, ó ti ṣe iṣẹ́ tí àwa kò ṣe. Àmọ́ ìyìn tí kò ná ẹni tí ń yìn ní nǹkan kan kì í pẹ́ kí ó tó di ariwo.

Ó tún ku ọ̀ràn èdè ìdánwò fúnra rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Fún ọdún mẹ́fà gbáko, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì bí èdè. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta lọ, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ni ní gbogbo ọdún mẹ́fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba kéde pé àwọn ti fagi lé ìlànà náà, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí ó jẹ́ èdè ìkọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ohun tí èyí ṣe sí alẹ́ ìdánwò. Ìyá tí ó gbọ́n, tí ó lè ṣe ìṣirò lórí láì mú bírò, kò lè ran ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni ìbéèrè fi bọ ara. Fóònù wá dúró sí àyè tí a ti lé ìyá kúrò. A kò lè bá fóònù jà fún àyè tí òfin ti là sílẹ̀ fún un.

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti gbé ẹ̀rọ wọ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ láti oṣù kìíní ọdún 2020 nípasẹ̀ ètò EKOEXCEL, ṣùgbọ́n ọwọ́ olùkọ́ ni ẹ̀rọ náà wà. Ènìyàn wà láàárín ẹ̀rọ àti ọmọ. Ohun tí mo rò pé ó yẹ kí ó wà nínú ilé pẹ̀lú nìyẹn, kò sì dìgbà tí òbí bá ka ìwé púpọ̀. Bí ó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ìdánwò dé, ogún ìṣẹ́jú lójúmọ́ pẹ̀lú olùkọ́ ẹ̀rọ tí a ti ní kí ó máa béèrè kí ó má sì máa dáhùn lè ṣe ọmọ ní oore púpọ̀. Lẹ́yìn náà, kí a pa fóònù, kí ìyá sọ pé, "Ó dáa, fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tí o kọ́ fún mi." Ọmọ tí ó bá lè ṣàlàyé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin fún ìyá rẹ̀ pẹ̀lú abọ́ tòmátì mẹ́rin ti mọ̀ ọ́n, èyí tí kò bá lè ṣe é, ìyá yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀, ì báà má gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Alẹ́ tí ó ku ọ̀la ńkọ́? Àwọn onímọ̀ nípa oorun ní Amẹ́ríkà sọ ní ọdún 2016 pé ọmọ ọdún mẹ́fà sí méjìlá nílò oorun wákàtí mẹ́sàn-án sí méjìlá. Inú oorun ni ọpọlọ ti ń to ohun tí ó kó jọ lójúmọ́. Olùkọ́ inú fóònù kì í sùn, kò sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sùn. Ìmọ̀ yẹn, lọ́dọ̀ òbí nìkan ni ó wà. Bí aago mẹ́jọ alẹ́ bá ti lù, òbí tí ó gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ tí ó sì tẹ́ ẹní fún un ti kọ́ ọ ní ohun tí ó dára jù lọ tí ó kù láti kọ́ ní ọjọ́ náà.